Ọba Èṣùgbàyí Eléèkó: Ọba Tí A Lé Kúrò Nílùú Láìgbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀



Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tí kò gùn, ṣùgbọ́n tí ó wúwo púpọ̀: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò pè é ní ọmọdé òṣìkà. Àgbà ni wọ́n pè é, nítorí pé ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ ni ó lè dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé ọba kan tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ nínú ìtàn Èkó, ẹni tí ìjọba mú kúrò nínú ilé baba rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, láìjẹ́ pé adájọ́ kan kọ́kọ́ jókòó láti gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí ó tó padà wálé. Ọba Èṣùgbàyí ni ọba náà, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Eléèkó.

Ọmọ Ọba Dòsùmú ni Èṣùgbàyí í ṣe. Dòsùmú yìí ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró ní ọ̀sà, tí a sì gbé ìwé síwájú rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Èkó bọ́ sábẹ́ àṣẹ Ọbabìnrin Victoria. Ìjọba gbà láti máa san owó ọdọọdún fún ọba, èyí tí a ṣírò sí 1,200 àpò owó ẹyọ. Láti ọjọ́ náà lọ ni ipò ọba Èkó ti di ohun tí ó ṣòro láti ṣàlàyé. Lójú àwọn ará ìlú, ọba ni ọba síbẹ̀. Òun ni ó ń jókòó ní Ìga Ìdúngànràn, òun ni àwọn olóyè onífìlà funfun ń wólẹ̀ fún, òun ni a ń mú ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ẹbí tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba, ẹni tí ń gba owó oṣù lásán ni, olórí ẹbí kan láàárín ọ̀pọ̀ ẹbí. Inú ojú méjì yìí ni gbogbo wàhálà Èṣùgbàyí ti wá.

Ọ̀rọ̀ ọba tí a lé kúrò ní Èkó kì í ṣe àjèjì létí àwa tí a wà ní ẹ̀bá ọ̀sà yìí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde ní òpin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1862 tí a fi gbà á láàyè láti padà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ẹ̀pẹ́ ṣì ń tọ́ka sí àsìkò náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ bí àwọn baba wọn ṣe dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ogun ni ó lé Kòsọ́kọ́. Gbogbo ayé sì mọ̀ pé ogun kì í béèrè ẹni tí ó jàre. Èṣùgbàyí ní tirẹ̀, ìwé ni a fi lé e, ní ìlú tí ó ní ilé ẹjọ́, tí ó ní adájọ́, tí ó sì ní agbẹjọ́rò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi yẹ ní àròjinlẹ̀.

Dòsùmú wàjà ní ọdún 1885. Oyèkàn jọba lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì wàjà ní ọdún 1900. Ní ọdún 1901 ni Èṣùgbàyí gorí oyè. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ọba yìí kì í ṣe ẹni tí yóò kàn máa mi orí sí ohun gbogbo tí Gómìnà bá wí. Ní ọdún 1908, ìjọba gbé ètò omi ẹ̀rọ kalẹ̀ fún Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú dáhùn pé àwọn ní kànga tí àwọn ti ń mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé àwọn òyìnbó ni omi náà wà fún ní pàtàkì. Nígbà tí omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn wọ Èkó ní ọdún 1915, tí a sì fẹ́ gba owó omi, ariwo sọ ní ìgboro. Ìjọba ń retí pé ọba yóò pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n san án láìjanpata. Ọba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò sọ pé omi ẹ̀rọ kò dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára pàápàá ní ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà gbé e fún ènìyàn, kí a sì kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí Èkó lórí ọ̀rọ̀ mọ́sálásí àti ipò olórí. Ìjọba fi ẹ̀sùn kan ọba pé ó ti ìhà kan lẹ́yìn, ó sì fọwọ́ sí oyè fún àwọn kan nínú wọn láìgba àṣẹ. A dá owó rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, a sì tún dá a padà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé a ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọba yìí.

Ọdún 1920 ni ọ̀rọ̀ náà wá le gidigidi. Ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, Amódù Tìjánì, Olóyè Olúwa, ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba lórí ilẹ̀ Àpápá. Ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń wí pé olóyè náà kò ní ẹ̀tọ́ sí i bí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Olóyè Olúwa gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ẹni tí ó tẹ̀lé e láti jẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀ ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ejònígboro. Eléèkó fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ rán wọn, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lè mọ̀ pé wọn kò wá lórúkọ ara wọn nìkan.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ Macaulay pé Eléèkó ni ọba tí mílíọ̀nù 17 ènìyàn Nàìjíríà ń wò gẹ́gẹ́ bí olórí. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààlà. Ọba Èkó kò jọba lórí Ṣókótó tàbí Benin tàbí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò bínú sí ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan. Wọ́n ní kí ọba rán akéde kí ó máa lu agogo káàkiri Èkó, kí ó sì máa wí pé ọba kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, kí ó kọ Macaulay sílẹ̀ ní gbangba. Ọba kọ̀ láti rán agogo jáde. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò mọ ìdí rẹ̀. A kì í fi ọ̀pá àṣẹ rán ènìyàn ní iṣẹ́ tán kí a tún fi agogo dójú tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1920, Gómìnà Hugh Clifford kéde pé ìjọba kò mọ Èṣùgbàyí mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọba.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1921, Privy Council dá Olóyè Olúwa láre. Àwọn adájọ́ náà sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti àwùjọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa ti wí, àti pé ìwé tí Dòsùmú fi ọwọ́ sí ní 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ run. Owó tí ìjọba san nígbẹ̀yìn fún ilẹ̀ náà jẹ́ £22,500. Ẹjọ́ yìí múnú àwọn ará Èkó dùn, ṣùgbọ́n kò múnú ìjọba dùn sí Eléèkó.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, Èkó pín sí méjì. Ní 1923, nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò láti yan àwọn aṣojú mẹ́ta fún Èkó sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹgbẹ́ òṣèlú Macaulay ni ó kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ náà, àwọn obìnrin ọjà, àti ọ̀pọ̀ àwọn tálákà ìgboro wà lẹ́yìn ọba. Kí ẹ̀yin ìyá wa tí ń tajà ní Ọjà Olúwo má gbàgbé pé ipa obìnrin ọjà kò kéré nínú ìtàn yìí. Alímọ́tù Pẹ́lẹ́wùrà, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èréko, ti gba oyè lọ́wọ́ Eléèkó ní nǹkan bí ọdún 1910, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ẹgbẹ́ Macaulay fẹ̀yìn tì. Ní ìhà kejì ni àwọn ọmọwé kan wà, àti àwọn olóyè kan, àti àwọn kan nínú ìdílé ọba fúnra wọn. A kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo àwọn wọ̀nyí jẹ́ ènìyàn burúkú. Àwọn kan nínú wọn gbàgbọ́ pé ìjà ọba pẹ̀lú ìjọba yóò ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí kò bá tòrò ni ọ̀tá ń rí ọ̀nà wọ̀. Ní ọdún 1925, àwọn wọ̀nyí wí pé àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akíntóyè rọ́pò rẹ̀. Ìjọba tẹ́wọ́ gbà á kíákíá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹni tí ó ń di ipò Gómìnà mú pàṣẹ pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó láàárín wákàtí 24. Kò kúrò. A mú un, a sì kó o lọ sí Ọ̀yọ́, sí ìlú Aláàfin Ládìgbòlù. Òfin tí ìjọba gbé lé ọwọ́ ni òfin ọdún 1917 tí ó wà fún lílé àwọn olóyè tí a ti rọ̀ lóyè kúrò nílùú, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà. Láti ọdún 1920 ni ìjọba ti ń wí pé àwọn kò mọ ọkùnrin yìí ní ọba. Ní 1925, wọ́n fi òfin àwọn olóyè mú un. Bí kì í bá ṣe olóyè, báwo ni òfin olóyè ṣe kàn án? Bí ó bá sì jẹ́ olóyè, ta ni ó rọ̀ ọ́, ṣé ọ̀nà tí àṣà Èkó là sílẹ̀ ni wọ́n sì gbà? Àti pé, bí a bá tilẹ̀ rọ̀ ọ́ ní tòótọ́, ṣé àṣà Èkó wí pé ọba tí a rọ̀ lóyè gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta nìwọ̀nyí, òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé wọn kalẹ̀. Ìjọba dáhùn wọn fúnra rẹ̀, ó dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ó sì fi ọlọ́pàá mú ìdájọ́ rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n kò bi ọba léèrè níwájú adájọ́ kankan.

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní 1894, a mú ọ̀gágun kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Dreyfus, a ní ó ta àṣírí ológun fún ilẹ̀ Jámánì. Ìwé kan tí a rí nínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù ní ilé aṣojú Jámánì ni wọ́n gbé lé ọwọ́. Júù ni Dreyfus, ìkórìíra àwọn Júù sì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ìgbà náà débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá a lẹ́bi kí ilé ẹjọ́ tó jókòó. Àwọn ọ̀gá ológun fi àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ kan han àwọn adájọ́, tí Dreyfus àti agbẹjọ́rò rẹ̀ kò fi ojú kàn rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1895, a fa àmì ipò rẹ̀ ya lára aṣọ rẹ̀ ní gbangba, a sì kó o lọ sí erékùṣù kan ní ẹ̀bá Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti wà ní òun nìkan ju ọdún mẹ́rin lọ. Nígbà tí ọ̀gágun mìíràn, Picquart, rí i ní 1896 pé Esterhazy ni ó kọ ìwé náà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán an jìnnà kí ó má bàa sọ ọ́. Esterhazy yege nílé ẹjọ́; a sì rí ọ̀gágun kan, Henry, tí ó ṣe ayédèrú ìwé kí irọ́ náà má bàa wó. Ọdún 1906 ni ilé ẹjọ́ tó wẹ Dreyfus mọ́ pátápátá.

Ó yẹ kí àwa Kátólíìkì mọ apá kan nínú ìtàn náà tí kò dùn mọ́ni. Ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan ní Paris, La Croix, wà lára àwọn tí ó pariwo jù lọ lòdì sí Dreyfus àti lòdì sí gbogbo àwọn Júù. Ìwé ìròyìn náà tọrọ ìdáríjì ní gbangba ní 1998, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ariwo náà. Ìjọ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ yékéyéké nínú Ìgbìmọ̀ Fatikánì Kejì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, pé Ìjọ kórìíra gbogbo ìkórìíra tí a fi ń lépa àwọn Júù, láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó wù kó ti wá. Ẹni tí ó bá mú orúkọ Ọlọ́run dání kò bọ́ lọ́wọ́ ewu láti jẹ́rìí èké. Nígbà mìíràn, òun gan-an ni ó máa ń tètè ṣubú sínú rẹ̀, nítorí pé ó rò pé ìbínú òun jẹ́ ìbínú mímọ́.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọkùnrin méjèèjì. A ṣe ẹjọ́ Dreyfus, ṣùgbọ́n irọ́ ni a fi ṣe é. Ti Èṣùgbàyí, a kò tilẹ̀ ṣe ẹjọ́ rárá kí ìyà tó dé. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni. Nígbà tí àwọn alágbára bá ti ka ènìyàn kan sí ẹ̀yà tí kò tó nǹkan, yálà nítorí pé Júù ni tàbí nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, ẹ̀rí kì í wù wọ́n láti wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó. Àwọn ènìyàn ọba kò mú àdá, wọn kò sì dáná sun ilé. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n bèèrè fún ìwé àṣẹ kan tí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mọ̀ láti ayé àtijọ́, èyí tí ń pàṣẹ fún ẹni tí ó bá ti ènìyàn mọ́lé kí ó mú un wá síwájú adájọ́, kí ó sì fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ní Èkó kọ̀. Wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn. A ní ọ̀rọ̀ náà ti parí. Wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, Privy Council sọ pé adájọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojúṣe láti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan kò sì lè sá sẹ́yìn èkejì. A dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó. A gbọ́ ọ, a sì tún dá ọba lẹ́bi. Wọ́n tún gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ro iye owó tí èyí ná wọn, ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé ìwé lọ tí ó sì ń gbé èsì bọ̀.

Ní àárín ìjàkadì yìí, àwọn ọ̀rẹ́ ọba náà ṣe àṣemáṣe. Ní 1928, ìwé ìròyìn Lagos Daily News, tí Macaulay ni pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti fi ẹ̀tù pa ọba lójú ọ̀nà bí ó bá ń padà bọ̀. A gbé Macaulay lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó ní ẹjọ́ rere kò nílò àhesọ láti fi ràn án lọ́wọ́. Àhesọ a sì máa fún ọ̀tá ní pàṣán tí yóò fi nà á.

Ní ọdún 1928 yìí kan náà ni Ìbíkúnlé Akíntóyè wàjà, Sànúsí Olúsì sì jọba lẹ́yìn rẹ̀. Èṣùgbàyí wà ní Ọ̀yọ́ síbẹ̀. Ó ń dàgbà sí i, ọba méjì sì ti jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1931, ìdájọ́ dé. Adájọ́ Lord Atkin ni ó ka á. Ohun tí ó sọ ni pé, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan, bí ó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó, tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹni tí ó wà lábẹ́ òfin náà, àfi bí ó bá lè dúró níwájú ilé ẹjọ́ kí ó sì fi hàn pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ó sọ pé iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni láti wádìí àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí a ti kà lókè yìí. Gómìnà kọ́ ni ó yẹ kí ó dáhùn wọn fún ara rẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ kan nípa àṣà. Bí àṣà kan bá burú jù, adájọ́ lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní agbára láti gé e kúrú kí ó lè wù ú; àwọn tí ó ni àṣà nìkan ni wọ́n lè yí i padà. A dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó kí wọ́n wádìí rẹ̀ bí ó ti tọ́.

Ìwádìí náà kò di ṣíṣe tán. Ní ọdún 1931 kan náà, Gómìnà tuntun dé, Donald Cameron. Ó wò ó pé ó sàn kí a parí ìjà náà. A gba Eléèkó láàyè láti padà sí Èkó, a sì dá a padà sí Ìga Ìdúngànràn. Sànúsí Olúsì fi àfin sílẹ̀ láìjà, ìjọba sì ṣètò ilé àti owó ọdọọdún fún un. Ó yẹ kí a yìn ín pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ nítorí àlàáfíà ìlú.

Ìgbà tí ọba lò lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ kò pẹ́. Ó wàjà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, ọdún 1932. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ó fi jẹ ayọ̀ ìdáláre tí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà wá. Òfin dá a láre, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá ọdún mẹ́fà náà padà. Ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn láìtọ́, a lè dá ilé rẹ̀ padà, a lè dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó kọjá kò ní ẹni tí yóò dá a padà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọba yìí kò parí pẹ̀lú ikú rẹ̀. Ìdájọ́ tí ó gbà wà nínú ìwé òfin, àwọn agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà àti ní òkèèrè sì ń tọ́ka sí i. Ní 1941, nígbà tí ogun Hitler gbóná, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé láìṣàlàyé, Lord Atkin yìí kan náà dá dúró láàárín àwọn adájọ́ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mẹ́rin gbà fún ìjọba, òun nìkan kọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn adájọ́ mìíràn wá gbà pé òun ni ó jàre. Ohun tí ó jà fún nítorí ọba Èkó ní 1931 náà ni ó jà fún nítorí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Òfin tí ó bá dáàbò bo ẹnì kan tí a kò fẹ́ràn ni ó ń dáàbò bo gbogbo wa.

Ẹ̀yin ará, kí ni èyí kàn wá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́? Ó kàn wá púpọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní apá 35 pé ẹni tí a bá mú, a gbọ́dọ̀ mú un dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí. Apá 36 sì wí pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, ju ìdajì àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Àwọn kan ti pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún tí wọn ìbá fi ṣẹ̀wọ̀n bí a bá dá wọn lẹ́bi. Bí ẹnì kan nínú ìdílé wa, tàbí nínú àdúgbò wa, bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe fi ojú ìtìjú wo àwọn ẹbí rẹ̀. Kí a wá agbẹjọ́rò fún un bí a bá lè ṣe é, kí a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ìjọba nìkan kọ́ ni ó sì ń ṣe irú èyí. Ní ọjà, bí ẹnì kan bá kígbe olè, ẹ wo bí òkúta àti igi ṣe ń yára dé ọwọ́ ènìyàn. A kò béèrè ohun tí ó jí, a kò béèrè ẹni tí ó rí i. Bí ìyá àgbà kan bá wà ládùúgbò tí ọmọ ọlọ́mọ sì ṣàìsàn, ẹ wo bí a ṣe ń yára pè é ní àjẹ́. Bí àlejò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa bá ń gbé ládùúgbò, òun ni a kọ́kọ́ ń fura sí bí nǹkan bá sọnù. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, àwa ni Gómìnà, àwa ni adájọ́, àwa náà sì ni ọlọ́pàá. Nikodémù béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà kan bóyá òfin wọn máa ń dá ènìyàn lẹ́bi kí ó tó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀, a sì mọ bí wọ́n ti ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìbáà ṣe láàárín àwọn ọmọ yín, láàárín àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ yín, tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ pe ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán, kódà bí inú bá ń bí yín sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ̀bi, ó sì ṣeé ṣe kí ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ. Àti bí ẹ bá mọ̀ pé a ti dá ẹnì kan lẹ́bi láìtọ́, ẹ má ṣe retí kí ọdún mẹ́fà kọjá kí ẹ tó la ẹnu.

Kí Ọlọ́run bùkún yín, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí ń gbọ́ kí ó tó dájọ́. Àmín.